Iṣẹ́ tó wà fún akẹ́kọ̀ọ́gboyè ìmọ̀ igbó ní Nàìjíríà

Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ igbó àti ẹranko igbó ní Nàìjíríà lè ṣiṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ ìwádìí, iṣẹ́ àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba tàbí iṣẹ́ igi gẹdú. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ní 1963; ọdún 5 ni wọ́n fi ń gba oyè àkọ́kọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ igbó tó wà ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, ti wà láti 1939. Ti New Bussa, tó dá lórí ẹranko igbó, bẹ̀rẹ̀ ní 1978.

Iṣẹ́ ìjọba

Abẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ igbó ọba wà, irú bíi igbó Gàm̀bàrí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ̀ka igbó ìpínlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́kọ́ wáṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọdọọdún ni wọ́n ń gba òṣìṣẹ́. Ẹni tó gboyè á máa darí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, á máa fún agégi níwèé àṣẹ, á sì máa rí i pé wọ́n fi òòlù ìjọba, tó ń fi àmì sára igi, lu gẹdú kí ọkọ̀ tó gbé e jáde.

Wíwọn igi ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Wọ́n á fi téèpù yí igi ká níbi tó fi mítà 1.3 ga kúrò nílẹ̀, tó ṣe déédéé àyà ẹni tó dúró. Igi tí ìdí rẹ̀ yọ apá gbàràmù-gbaramu bíi ti àràbà kò ṣeé wọ̀n níbẹ̀. Wọ́n á gbé àkàbà, wọ́n á wọ̀n ọ́n ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lókè ibi tí apá náà parí sí. Iye yìí ni wọ́n fi ń mọ bí igi ṣe pọ̀ tó nínú igbó àti bó ṣe ń dàgbà sí. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣírò káábọ́ọ̀nù tí igbó kó pamọ́, nítorí náà iṣẹ́ lórí àyípadà ojú ọjọ́ kò jìnnà sí ẹni tó mọ igi í wọ̀n dáadáa.

Ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣàkóso àwọn ọgbà ẹranko igbó bíi Kainji Lake, Okomu àti Old Oyo, níbi tí àwókù Ọ̀yọ́ Ilé wà. Ṣíṣọ́ ọgbà léwu, torí ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ tí kò gbàṣẹ.

Ìwádìí

FRIN, ilé ìwádìí ìmọ̀ igbó ti Nàìjíríà, ní Jẹ́ríkò ti wà láti 1954. Ọ̀kan lára ìṣòro tó gba àfiyèsí àwọn onímọ̀ jù ni ti ìrókò: kòkòrò Phytolyma máa ń mú kí ewé ọ̀dọ́ igi náà wú, kí ó sì rà, èyí tó mú kí gbígbin ìrókò lọ́pọ̀ ṣòro gan-an.

Àjọ aládàáni àti òwò

Olóyè S. L. Edu dá Nigerian Conservation Foundation, àjọ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko igbó, sílẹ̀ ní 1980. Ọgbà àjọ náà wà ní Lẹkí. Àwọn tó gbin igi tíìkì máa ń gba onímọ̀ igbó kí ó bá wọn díwọ̀n igi wọn kí wọ́n tó dúnàá-dúrà pẹ̀lú olùrà.