Yíyẹ bátìrì àti iná ọkọ̀ wò

Yíyẹ bátìrì àti iná ọkọ̀ wò jẹ́ apá kan iṣẹ́ réwáyà: wíwá ìdí tí ọkọ̀ kò fi ṣáná, tàbí tí iná rẹ̀ fi ń ṣe ségesège. Bátìrì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé áltánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́), kíkísítátà (mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá ń ṣáná) tàbí wáyà tó ti dípẹtà ló jẹ̀bi, tí olówó á sì ti ra bátìrì tuntun kí wọ́n tó mọ̀.

Bátìrì olójé ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1859. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa ń ní yàrá mẹ́fà tí àwo òjé ti rì sínú ásíìdì, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú nǹkan bíi fólítì 2.1 wá. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti wà ní pípa fún wákàtí mélòó kan, bátìrì tó kún yóò gbé nǹkan bíi fólítì 12.6 sójú mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Bó bá jẹ́ 12.4, ó ku nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2 jẹ́ ìdajì; bó bá ti di 12.0, díẹ̀ ló kù. Èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ pẹ́ láìkún, nǹkan funfun á gan mọ́ àwo òjé inú rẹ̀, kò sì ní gbaná dáadáa mọ́. Ooru náà máa ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú, torí ó ń fa omi inú rẹ̀ gbẹ, ó sì ń jẹ òjé náà.

Àmọ́ bátìrì tó ti gbó lè gbé 12.6 nígbà tí kò ṣiṣẹ́ kankan, kó wá já wálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi máa ń ṣáná, tí ẹnì kejì á máa wo mítà: bátìrì tó kún kò yẹ kó lọ sísàlẹ̀ 9.6.

Etí náà ń ṣiṣẹ́ níbí. Bí ọkọ̀ bá ń dún tá-tá-tá-tá, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń ṣẹ́jú, bátìrì ti lọ sílẹ̀ tàbí orí rẹ̀ kò fún. Bó bá dún kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, tí iná iwájú ò sì rẹ̀ sílẹ̀, kíkísítátà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Bí kò bá dún rárá, tí iná sì mọ́lẹ̀ kedere, ó lè jẹ́ ojú ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, rílè (ohun kékeré tó ń tan iná lọ sí kíkísítátà), tàbí jíà ọkọ̀ ọlọ́tòmátíìkì tí kò sí ní P. Wáyà ẹ́ẹ̀tì, tó so nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, kì í dún, wọ́n sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ mítà kan lé orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, èkejì á wà lára ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá ń ṣáná tí mítà sì ju fólítì 0.5 lọ, ìdíwọ́ wà lójú ọ̀nà.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, mítà sábà máa ń wà láàárín 13.7 sí 14.7. Bó bá dúró sí iye bátìrì, áltánétọ̀ kò rọná: bẹ́lìtì lè ti dẹ̀, bọ́rọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ sì lè ti jẹ tán. Bó bá ju 15 lọ, ó ń se bátìrì náà ni, òórùn ẹyin jíjẹrà sì lè máa jáde. Àwọn kan ṣì máa ń tú orí bátìrì sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti mọ̀ bóyá áltánétọ̀ dára. Àṣà ọkọ̀ àtijọ́ ni. Nínú ọkọ̀ òde òní, iná lè ga lójijì kó sì ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́.

Èyí tó ń dánilágara jù ni bátìrì tó kún lálẹ́, tó kú láàárọ̀, torí nǹkan kan ń fa iná lábẹ́lẹ̀. Álááàmù, trákà àti rédíò tí wọ́n fi kún ọkọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rà á ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Réwáyà á tú orí nẹ́gẹ́tíìfù, á wá fi mítà tó wà ní ámípíà (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) sáàárín rẹ̀ àti wáyà. Ó ní láti ní sùúrù, nítorí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ mìíràn máa ń tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó sùn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ohun tó kù kì í ju ámípíà 0.05 lọ. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí iye náà á fi wálẹ̀; ojú ọ̀nà fíúsì tó mú un wálẹ̀ ni jíjò náà wà. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣáná sí ọkọ̀ nígbà tí mítà wà níbẹ̀, torí fíúsì inú mítà fúnra rẹ̀ á jó.