Iṣẹ́ interior designer ò bẹ̀rẹ̀ látorí kọ́tìnì o

Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi: "Kí la fẹ́ fi interior designer ṣe, ṣebí kọ́tìnì àti pẹ́ńtì náà ni wọ́n ń yàn, èmi náà ṣáà lójú." Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìgbà tí ilé bá parí tán, tí pẹ́ńtì ti gbẹ, làwọn tó ń sọ ọ́ máa ń wá ẹni tó máa bá wọn tún inú ilé ṣe. Lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, ẹ̀pa ò bóró mọ́ nígbà yẹn.

Dìsáínà tó mọṣẹ́, ìbéèrè ló máa kọ́kọ́ bi yín. Ta ló ń gbé ibẹ̀, ta ló máa ń jí lóru, ṣé àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn wà nílé, ibo lẹ máa ń jókòó sí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kàwé. Lẹ́yìn náà ló máa mú téèpù, á wọn yàrá, á wọn fèrèsé, á wo ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Á ya àwòrán, á tún un yà, tẹ́ ẹ bá ti jọ fẹnu kò lórí ẹ̀ ni wọ́n á tó máa sọ̀rọ̀ igi, táìlì àti aṣọ, á wá kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún káfíńtà àti rìwáyà, á sì máa lọ wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Kọ́tìnì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìparí ló wà.

Ẹ jẹ́ ká mú pẹ́ńtì tí wọ́n ń sọ yẹn gan-an, torí òun ni wọ́n rò pé ó rọrùn jù. Àwọ̀ kì í ṣe ohun tó wà nínú páànù pẹ́ńtì nìkan, ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e ló ń sọ ohun tẹ́ ẹ máa rí. Ẹ wo káàdì pẹ́ńtì tí ò tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ dì í mú nínú ṣọ́ọ̀bù tí iná ẹ̀ funfun bí ọ̀sán gangan, 6500K nìyẹn (K yẹn ni wọ́n fi ń sọ bí iná ṣe funfun tàbí pọ́n sí), àwọ̀ eérú tẹ́ ẹ yàn tutù lójú, ó wù yín, ẹ sanwó. Ẹ délé, gílóòbù tẹ́ ẹ ní jẹ́ 2700K, èyí tó pọ́n bí iná àbẹ́là, ẹ kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilẹ̀ ṣú, ẹ tanná, ó wá dà bí omi ẹrẹ̀. Ẹ ó máa bá ẹni tó pò ó jà, bẹ́ẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Nọ́ńbà yẹn wà lára páálí gílóòbù, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ó. Nọ́ńbà CRI náà wà lára òmíràn, òun ló ń sọ bóyá iná ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an, ọgọ́rùn-ún ló ga jù, tó bá ti ń lọ sábẹ́ 80, àwọ̀ aṣọ àti ti ara èèyàn pàápàá máa ń ṣá lójú. Táìlì pupa nílẹ̀ tún máa ń ta àwọ̀ ẹ̀ sára ògiri funfun. Ìdí nìyẹn tí dìsáínà fi máa ń kun pátákó ńlá, táá gbé e láti ògiri kan sí ìkejì, táá wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ pẹ̀lú iná.

Ọ̀rọ̀ pẹ́ńtì ti di ọ̀rọ̀ iná nìyẹn, ọ̀rọ̀ iná sì ni ọ̀rọ̀ wáyà, kí wọ́n tó rẹ́ ògiri sì ni wáyà ń wọlé. Ẹni tó ń gé ẹ̀fọ́ ní kíṣìn tí gílóòbù kan ṣoṣo wà láàárín àjà, ẹ̀yìn ẹ̀ ló kọ sí iná, òjìji ara ẹ̀ ló ń bo ọ̀bẹ tó mú dání. Abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ló yẹ kí iná yẹn wà. Ta ló máa sọ fún rìwáyà ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù máa wà nígbà tẹ́nikẹ́ni ò tíì yàwòrán ẹ̀?

Mo wọ yàrá kan rí, súìṣì ẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ máa wọlé, ẹ máa ti ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn, ẹ tó lè fọwọ́ wá a. Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà lẹ́yìn wọ́dúróòbù, nítorí náà wáyà extension ló gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá lọ síbi bẹ́ẹ̀dì. Kọ́tìnì ibẹ̀ dáa gan-an. Ẹ̀rù wáyà yẹn ló bà mí, kó má lọ dá iná sílẹ̀.

Nítorí ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀ṣọ́ lásán yìí ti pààyàn rí. Ní November 28, 1942, iná jó ilé fàájì Cocoanut Grove ní Boston, èèyàn 492 ló kú. Aṣọ tí wọ́n fi bo àjà àti igi ọ̀pẹ àtọwọ́dá tí wọ́n fi ṣe ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ gbaná, èrò há sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń yí po, àwọn ilẹ̀kùn míì wà ní títì, òmíràn ń ṣí sínú dípò ìta. Ẹni tó ń yan aṣọ àti ilẹ̀kùn fún ibi tí èrò máa ń pọ̀ sí, ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọdún 1982 ni Alabama di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó ṣòfin lórí ẹni tó lè máa jẹ́ orúkọ iṣẹ́ yìí, NCIDQ, ìdánwò tí àwọn interior designer ń ṣe lọ́hùn-ún, sì ń bèèrè òfin ilé kíkọ́ àti ààbò.

Mi ò sọ pé kí gbogbo èèyàn lọ gba dìsáínà o. Tó bá jẹ́ kọ́tìnì nìkan lẹ fẹ́ pààrọ̀, bóyá ojú yín tó o. Àwọn kan sì ń pera wọn ní dìsáínà tó jẹ́ pé fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi hàn yín kí wọ́n tó bèèrè nǹkan kan, ẹ rọra ṣe pẹ̀lú irú wọn. Tẹ́ ò bá sì gba ẹnì kankan, kí wọ́n tó rẹ́ ilé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya bẹ́ẹ̀dì àti àga sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tóbi tó, ẹ ya ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí dé, ẹ fi nǹkan bíi 90 cm sílẹ̀ fún ọ̀nà ìrìn, kẹ́ ẹ wá pe rìwáyà kó wá wò ó. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ fọ́ ògiri kan kí pálọ̀ lè fẹ̀, bó ti wù kó mọ àwọ̀ yàn tó, ẹ ní kó dúró ná kí ẹnjiníà wá sọ bóyá ògiri yẹn ló gbé òkè ró.