Bí ayé ṣe mọ 2,147,483,647

Kó 2 mọ́kànlélọ́gbọ̀n jọ, sọ wọ́n di púpọ̀ pọ̀, kí o yọ 1 kúrò: 2,147,483,647 ni yóò kù.

Ní 1644, Marin Mersenne, àlùfáà ará Faransé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé prime ni nọ́ńbà yìí, ìyẹn ni pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Kò fi ẹ̀rí kankan tì í. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ nípa èyí tí a bá fi 67 rọ́pò 31, àṣìṣe gbáà sì nìyẹn já sí. Nítorí náà, ẹnu rẹ̀ nìkan kò tó.

Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, ló yanjú rẹ̀ ní St. Petersburg, nílẹ̀ Rọ́ṣíà, nígbà tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Inú ìwé ọdún 1772 ti Akadẹ́mì Berlin, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ni lẹ́tà tó kọ sí Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, nípa rẹ̀ wà. Bí nọ́ńbà náà kì í bá ṣe prime, olùpín rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà tí kò kọjá 46,340, nítorí 46,341 lọ́nà 46,341 ti ga jù ú lọ. Prime tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ lé ní 4,700. Ta ni yóò dán gbogbo ìyẹn wò? Euler mọ̀ pé prime yòówù tó bá máa pín in, bí a bá fi 248 pín prime náà, 1 tàbí 63 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Bẹ́ẹ̀ ni 3 ṣe bọ́ sílẹ̀, 7 bọ́ sílẹ̀, 101 bọ́ sílẹ̀; 311 ló kọ́kọ́ yege. Fi 311 pín 2,147,483,647, 35 ṣẹ́ kù. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 1,303, 226 ṣẹ́ kù. Títí dé 46,340, àwọn tó yẹ láti dán wò kò tó 100, kò sì sí ọ̀kan tó pín in gééré. Ibí yìí ni mo ti ń júbà Euler.

Ní 1811, Peter Barlow, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀rọ̀ nípa nọ́ńbà pípé, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá ro gbogbo olùpín rẹ̀ tó kéré sí i pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni a ó rí. Nípa èyí tí a ti ara nọ́ńbà wa rí, 2,305,843,008,139,952,128, ó ní kò dájú pé ẹnikẹ́ni yóò wá èyí tó jù ú lọ, nítorí kò wúlò fún nǹkan kan. Ní 1876, Édouard Lucas, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi hàn pé prime ni èyí tí a bá fi 127 rọ́pò 31, tí dígíìtì rẹ̀ jẹ́ 39, nọ́ńbà pípé tirẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Kọ̀ǹpútà ló wá sọ 2,147,483,647 di ìlú mọ̀ọ́ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíjẹ́ prime rẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí a bá fún nọ́ńbà kan ní àyè 32 nínú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0 tàbí 1, tí a sì fi ọ̀kan ṣe àmì ìròpọ̀ tàbí àyọkúrò, 31 ló kù fún kíkà, 2,147,483,647 sì ni ibi tí kíkà parí sí. Ní 2014, YouTube ní láti fẹ ẹ̀rọ ìkàye rẹ̀ nítorí orin Gangnam Style, tí iye ìgbà tí wọ́n wò ó fẹ́ kọjá nọ́ńbà yìí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970. Lọ́jọ́ 19 oṣù kìíní 2038, ní aago mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7 ní aago Nàìjíríà, wọn yóò kà á dé òpin; lẹ́yìn náà wọn yóò fò padà sí oṣù kejìlá 1901, àfi èyí tí a bá ti fún ní àyè 64.