Ẹ fi dáírẹ́tọ̀ sílẹ̀ ná, ta ló ni ìtàn?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi ní Ìlọrin yìí. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Tanke, ẹ máa gbọ́ ọ. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń bá èèyàn kó fíìmù sí mẹ́mọ̀rì ní Challenge, ẹ máa gbọ́ ọ. Àwọn tó wo sinimá ní Kwara Mall náà, òun ni wọ́n máa ń sọ bọ̀ ní ọ̀nà Fate: "Dáírẹ́tọ̀ yẹn ti sú wa jàre, kí wọ́n gbé ẹlòmíì wọlé, ẹ máa rí i bí apá kejì ṣe máa dùn." Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀.

Pé wọ́n ti pààrọ̀ olùdarí, ìyẹn dáírẹ́tọ̀, rí tí fíìmù sì dùn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ridley Scott ló darí fíìmù Alien ní 1979. James Cameron gba apá kejì ní 1986, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì fẹ́ràn rẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ní 1992 wọ́n tún pààrọ̀, ó kan David Fincher, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ àwọn olólùfẹ́ fíìmù náà ṣì ń bínú sí. Ó yẹ kí èyí ti tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ti ní ìdáhùn tirẹ̀ nílẹ̀: ti Cameron ni ìpààrọ̀ tó dáa, ti Fincher ni èyí tí kò dáa. Ta wá ni irú òfin bẹ́ẹ̀ kò lè gbè?

Ibi tó ti ń bí mi nínú gan-an ni pé àwọn tó ń sọ ọ́ kì í bìkítà láti mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ wo. Ẹ bi àwọn àgbà tó wo fíìmù Aiyé pé ta ló ṣe é. Hubert Ogúndé ni wọ́n máa dá yín lóhùn, wọn ò sì purọ́: òun ló ni ìtàn, ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ló kó wá, òun náà ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ola Balogun ló darí rẹ̀. Nígbà tí apá kejì, ìyẹn Jáiyésinmi, dé ní 1980, Ola Balogun kọ́ ló wà nídìí iṣẹ́ mọ́. Freddie Goode ni Ogúndé bá ṣe é. Nínú àwọn tó wo méjèèjì, mélòó ló mọ̀ pé ọwọ́ ti yí padà? Ọ̀ṣẹ́túrá ṣì ń pọfọ̀, àwọn àjẹ́ ṣì ń da ìlú rú, Ogúndé ṣì ni Ogúndé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Adéyẹmí Afọláyan, ọmọ Agbamu ní gúúsù Kwara wa níbí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love. Fíìmù Adé Love là ń pe Àjàní Ògún tó jáde ní 1976, bẹ́ẹ̀ Ola Balogun yìí kan náà ló darí ìyẹn. Ará Agbamu tó bá lè dìde ní gbangba kó pè é ní fíìmù Ola Balogun, mo máa fi wàrà ṣe é lálejò.

Kí wá ni a ní lọ́kàn tá a bá ní wọ́n pààrọ̀ olùdarí? Olùdarí ló ń sọ ibi tí kámẹ́rà máa dúró sí, bí òṣèré ṣe máa sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó máa dákẹ́, ìran tí wọ́n máa tún yà àti èyí tí wọ́n máa fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò fojú kéré ẹ. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló sábà máa ń kọ ìtàn, ẹlòmíì ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà gé e tó ń tò ó, ẹni tó ni owó ló sì máa sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, kí gbogbo yín kó ẹrù. Nínú fíìmù Yorùbá, ẹni tí orí rẹ̀ tóbi jù lára pósítà ni ẹni tó ni owó lọ́pọ̀ ìgbà, òun ló sì gba olùdarí síṣẹ́. Tí olùdarí bá lọ tí àwọn yòókù dúró, ìwọ̀nba lohun tó yí padà. Tí gbogbo wọn bá jọ lọ, kí ló dé tó jẹ́ olùdarí nìkan lẹ ń yìn?

Ọmọ Ghetto ni wọ́n máa ń fi pa mí lẹ́nu mọ́. Abiodun Olanrewaju ló darí ti 2010. Ti 2020, Funke Akindele fúnra rẹ̀ àti JJC Skillz ni, ó sì pa ju 600 mílíọ̀nù náírà lọ ní sinimá. Ẹ̀rí ti dé nìyẹn, àbí? Ẹ dúró ná. Ọdún mẹ́wàá ló wà láàárín. Ti àkọ́kọ́, a rà á nínú páálí sídìí, a wò ó ní pálọ̀; ti èkejì, tíkẹ́ẹ̀tì sinimá la já. Owó tí wọ́n fi ya ọ̀kan kì í ṣe ẹgbẹ́ owó tí wọ́n fi ya ìkejì. Funke Akindele ti 2010 náà sì kọ́ ni ti 2020, torí Jenifa's Diary ti sọ ọ́ di ará ilé gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá lè yọ iṣẹ́ olùdarí kúrò nínú gbogbo ìyẹn, kó wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀, kó jọ̀ọ́ wá kọ́ mi. Èyí tó sún mọ́ ìdánwò tó dọ́gba ni The Wedding Party: Kemi Adetiba darí ti 2016, Niyi Akinmolayan darí ti 2017, àwọn ìdílé méjì yẹn kan náà, ọdún kan péré láàárín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan pa ju 400 mílíọ̀nù náírà lọ. Òkè ò ṣí nídìí, ilẹ̀ ò sì là.

Mo fura pé sídìí wà lára ohun tó da orí wa rú. Mo ṣì ní àwọn èyí tí a rà ní Ọjà Ọba láyé ọjọ́un. Ẹ mú apá kìíní àti apá kejì dání: àwòrán kan náà, wọ́n kàn fi àwọ̀ pupa rọ́pò búlúù, wọ́n wá kọ nọ́ńbà 2 gàdàgbà sókè. Ẹ yí i sẹ́yìn, orúkọ olùdarí wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó kéré ju ìkìlọ̀ fún àwọn adàwékọ lọ. Ìtàn tuntun kọ́ ló wà nínú apá kejì yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ya gbogbo rẹ̀, wọ́n gé e sí méjì kí owó lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá á gbé pàṣán sókè ní apá kìíní, ọmọ ò sì ní í jẹ ẹgba títí ẹ ó fi ra apá kejì. Ẹni tó bá fi irú èyí dàgbà, kò lè ṣe kó má rò pé apá kejì láti ọwọ́ ẹni kan náà kì í dùn. Bẹ́ẹ̀ ìtàn ọgọ́ta ìṣẹ́jú tí wọ́n fà gùn ló ń wò. Túndé Kèlání darí Ṣaworoidẹ ní 1999, ó darí Agogo Èèwọ̀ ní 2002, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ méjèèjì. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan ní kí wọ́n lé Kèlání.

Ẹ tún wo ìgbà tí wọ́n máa ń pààrọ̀. Bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe ń lé kóòṣì ni, ìgbà tí ojú bá ti tì wọ́n tán. Fíìmù tó bá burú jáì, ó ṣòro kí èyí tó tẹ̀ lé e má sàn díẹ̀, ẹni yòówù kó darí rẹ̀. Èyí tó bá sì dùn kọjá agbára àwọn tó ṣe é, ó ṣòro kí àtẹ̀lé rẹ̀ tó o. Torí pé ti àkọ́kọ́ dùn kọjá bẹ́ẹ̀ gan-an ni èkejì ṣe wà. Kò sẹ́ni tó ń ya apá kejì fíìmù tí kò sẹ́ni tó wò. Àtipé fíìmù tí à bá fi wé èyí tó jáde, kò sẹ́ni tó rí i. Colin Trevorrow ló yẹ kó darí apá kẹsàn-án Star Wars. Ó kúrò ní 2017, J. J. Abrams gba iṣẹ́, fíìmù jáde ní 2019. Àwọn tí inú wọn ò dùn sí i ń búra pé ti Trevorrow ìbá dáa jù. Sinimá wo ni wọ́n ti wò ó?

Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ nínú wọn máa ń sá lọ sí ọ̀dọ̀ Harry Potter. Chris Columbus darí méjì àkọ́kọ́, Alfonso Cuarón gba ẹ̀kẹta ní 2004, àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ sì yìn ín gidi. Òótọ́ ni. Nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, òun náà ló pa owó kéré jù. Lẹ́yìn náà David Yates gba ẹ̀karùn-ún, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn ní 2011, ìyẹn sì ni ó pa owó jù. Adùn la ń wọ̀n ni, àbí owó? Wọ́n máa ń yí òṣùwọ̀n padà bí mo bá ti sún mọ́ wọn.

Mi ò sọ pé ìpààrọ̀ kò wúlò rí o. Bóyá tí apá kọ̀ọ̀kan bá dá dúró, tí ẹni tó wo ẹ̀kẹta lásán lè gbádùn rẹ̀, ojú tuntun lè ṣe é lóore. Mission: Impossible ní olùdarí márùn-ún fún fíìmù márùn-ún, láti 1996 dé 2015, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìrísí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Christopher McQuarrie tó ṣe ẹ̀karùn-ún ni wọ́n tún gbé gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e fún, ti 2018 tó ṣe ló sì pa owó jù nínú gbogbo wọn. Tom Cruise, òṣèré tó ń léwájú nínú rẹ̀, sì ti wà lára àwọn tó ń gbé e jáde láti ọjọ́ kìíní. Nítorí náà, ó lè jẹ́ ìpààrọ̀ ni, ó lè jẹ́ àìpààrọ̀, ó sì lè jẹ́ Cruise.

Èyí tó kù, àwọn tó fẹ́ fi owó síbẹ̀ ni mò ń bá wí. Ní Ìlọrin yìí, wọ́n ti ń gbé apá kejì fíìmù yí ká láti wá ẹni tó máa dáwó, bí ọ̀rọ̀ ìpolówó wọn sì ṣe ń lọ ni pé olùdarí tuntun ń bọ̀ láti Èkó. Kí ẹ tó fọwọ́ kan owó àjọ, ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé ìtàn wá, ẹ jókòó kà á tán. Ẹ bèèrè ìwé àdéhùn tó fi hàn pé ẹni tó kọ́kọ́ kọ ìtàn gbà kí wọ́n máa bá a lọ. Ẹ bèèrè bóyá àwọn òṣèré tí aráàlú torí wọn wo ti àkọ́kọ́ ti fọwọ́ sí i pé àwọn máa padà wá, àbí orúkọ wọn nìkan ni wọ́n ń kó kiri. Ìgbà tí wọ́n bá ti dáhùn gbogbo ìyẹn, ẹ lè wá jẹ́ kí wọ́n sọ ti dáírẹ́tọ̀.