Hóòsì epo tí kò jò, ṣé ó ti dáa nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Gbogbo ìgbà téèyàn bá ti gbé ìjàpá (Volkswagen Beetle) tàbí Pijó 504 bàbá ẹ̀ jáde ní Ìlọrin níbí, tá a bá ní kó wo hóòsì epo ẹ̀, ìyẹn rọ́bà tó ń gbé epo láti taǹkì lọ sí ẹ́ńjìnnì, èsì kan náà ni: "Kò kúkú jò, kí ni mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ sí?" Mẹkáníìkì á tún bá a dá sí i: "Alhaji, ẹ má dá wọn lóhùn, orijínà ló wà ńbẹ̀, ti ayé ìgbà yẹn kì í bàjẹ́." Orijínà kẹ̀. 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó ní Kàdúná, ẹ bá mi ṣírò ọjọ́ orí rọ́bà ọ̀hún.

Pé rọ́bà ń gbó, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Èyí tí kì í wọ̀ wọ́n létí ni pé hóòsì lè ti bàjẹ́ tipẹ́ kó tó jò. Epo ń jẹ ẹ́ nínú, ooru ẹ́ńjìnnì ń yan án lóde, tẹ́ ẹ bá wá gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, epo á gbẹ, rọ́bà á gan. Ti ìjàpá ló tún burú jù, torí aṣọ ni wọ́n hun bo hóòsì ẹ̀ lórí, rọ́bà lè ti sán káàkiri lábẹ́ aṣọ yẹn kójú má rí nǹkan kan. Ẹ yọ ọ́ lẹ́nu kílíìpù, ẹ gé díẹ̀ ńbẹ̀, ẹ fi réèsà là á gbọọrọ, kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀. Tó bá ń já wẹ́wẹ́ bí àkàrà àná, tí dúdú ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ọ yín lọ́wọ́, ohun tí kábúrétọ̀ yín, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ń mu nìyẹn, òun náà lẹ ṣe ń fọ jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà nínú ẹ̀, lóṣooṣù tẹ́ ẹ ń bú àwọn ilé epo. Lóòótọ́ wọ́n kó epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo) ẹ̀ pọ̀ jù wọ̀lú níbẹ̀rẹ̀ 2022, rọ́bà àtijọ́ ò sì fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ mi ò rò pé ilé epo ló jẹ̀bi gbogbo ẹ̀.

Àwọn míì á ní àwọn ti fún kílíìpù ẹ̀ le. Ẹ káre. Kílíìpù eléyín yẹn lẹ fi ń gé rọ́bà tó ti gan tẹ́lẹ̀. Oru epo náà sì ń gbaná, kò dìgbà tó bá ń kán tótó sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ìjàpá sì wà lẹ́yìn níbi tẹ́ ẹ ò ti ní tètè rí i.

Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ ka àmì tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀. SAE J30 R7 dáa fún kábúrétọ̀, R9 ni fún injẹ́kítọ̀, ìyẹn ọkọ̀ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì dípò kábúrétọ̀, torí agbára tí epo fi ń tì níbẹ̀ lè ju 40 PSI (òṣùwọ̀n agbára yẹn) lọ, èyí tó máa wà nínú epo nínú taǹkì gan-an, R10 ni. Ẹni tó bá fi R7 sínú taǹkì, epo á máa jẹ ẹ́ nínú àti lóde. Àwọn kan máa ń tẹ ọdún tí wọ́n ṣe é sára ẹ̀, ẹ wò ó, torí "tuntun" tẹ́ ẹ rà lè ti ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà tí pẹtiróòlù wà ní náírà 65.

Ọdún mélòó ló yẹ kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ ẹ̀? Àwọn kan ní márùn-ún, àwọn kan ní mẹ́wàá, bóyá ó tiẹ̀ ń tọ́jọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tó tutù. Pẹ̀lú oòrùn Ìlọrin lóṣù kẹta, èmi ò ní dúró de mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orí bátìrì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kẹ́ ẹ sì lé ọ̀gá tó ń mu sìgá yẹn kúrò ńbẹ̀.