Àmì tí ara obìnrin ń fi hàn tí ẹyin bá fẹ́ já

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fètò-sọ́mọ-bíbí tí ò la oògùn lọ ló rò pé gbogbo àmì ara iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Omi ojú ara ló ń sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ̀yìn tí ẹyin bá ti já tán, ìyẹn tó bá ti jáde kúrò nínú ilé ẹyin obìnrin, ni tẹmpiréṣọ̀, ìyẹn ìgbóná ara, ń dé.

Tí nǹkan oṣù bá parí, ojú ara lè gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, tó bá yá omi tó ki tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí họ́mọ́ònù ẹ́stírójìn bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni omi yẹn á máa mọ́ gaara, á máa yọ̀, tí wọ́n bá fi ìka méjì fà á á nà gbọọrọ láì já, bíi funfun ẹyin adìyẹ tútù. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú irú omi yìí tó ọjọ́ 5, ẹyin fúnra ẹ̀ kì í sì í ju wákàtí 12 sí 24 lọ tó bá ti já. Ìyẹn ni ìbálòpọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ṣe lè di oyún ní Fúráìdè.

Ti tẹmpiréṣọ̀, tí ẹyin bá ti já, họ́mọ́ònù projẹ́stírónì á gbé ìgbóná ara sókè díẹ̀, bíi 0.2 sí 0.5 °C péré. Torí ó kéré báyẹn, àárọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, lásìkò kan náà lójoojúmọ́, kí obìnrin tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rárá, ká má tíì sọ pé ó lọ tọ̀. Ibà, ọtí, àìsùn dáadáa, gbogbo ẹ̀ ló ń da nọ́ńbà yẹn rú.

Tí tẹmpiréṣọ̀ ọjọ́ 3 tẹ̀léra bá ga ju ti ọjọ́ 6 tó ṣáájú wọn lọ, tí omi tó ń yọ̀ náà sì ti lọ fún odindi ọjọ́ 3, ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń gbà pé ẹyin ti kọjá, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Kéèyàn kàn ka ọjọ́ 14 lórí kàlẹ́ńdà látìgbà tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, kó sọ pé ọjọ́ yẹn lẹyin máa já, ò ṣeé gbára lé, torí iye ọjọ́ tó wà ṣáájú kẹ́yin tó já ló máa ń yí padà jù. Obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú tàbí tí nǹkan oṣù ẹ̀ ń ṣe ségesège nílò nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n dáadáa láti kọ́ ọ, kò sì sí èyí tó ń dènà àrùn ìbálòpọ̀ níbẹ̀ o.

Àwọn tó ń wá oyún ní tiwọn, ọjọ́ tí omi bá ń yọ̀ ni kí wọ́n mú, tí wọ́n bá dúró kí tẹmpiréṣọ̀ gòkè, ẹyin ti lè kú nígbà yẹn.