Bí wọ́n ṣe ń fi ọfà pa ẹja káàpù, àti ohun tí ọ̀bẹ ń ṣe sí egungun ẹ̀

Ẹ ju òrùka sínú abọ́ kan tí inú ẹ̀ jìn díẹ̀, ẹ gbé e sórí tábìlì, kẹ́ ẹ wá máa rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí etí abọ́ á fi bo òrùka yẹn mọ́ yín lójú. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má mira. Ẹ ní kí ẹlòmíì rọra da omi sínú abọ́ náà. Òrùka tí ẹ ò rí mọ́ á kàn dédé yọ, bí ẹni pé ó gbéra nílẹ̀ abọ́. Kò gbéra o. Ibi tó wà ló ṣì wà, omi ló ń parọ́ fún ojú. Irọ́ yìí ni ẹni tó bá fẹ́ fi ọfà pa ẹja gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀, torí tí ọwọ́ bá gba ohun tí ojú rí gbọ́, ọfà á gba orí ẹja kọjá, ẹja á sì máa bá tiẹ̀ lọ.

Káàpù ni ẹja tí wọ́n ń fi ọfà pa jù ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí sì ti wọ́pọ̀ gan-an. Ẹni tó bá wọ ọjà Odò-Ògbè ní Ilé-Ifẹ̀ lónìí tó ní káàpù lòun ń wá, àfàìmọ̀ kí ìyá ẹlẹ́ja má nawọ́ sí àrọ̀ inú ọpọ́n kó ní ṣé èyí ò wù yín ni. Kì í ṣe ẹja tiwa lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gbé e wá sí Nàìjíríà fún ọ̀sìn ní Panyam, lápá Plateau, láti àwọn ọdún 1950. Ẹja ńlá ni, ìpẹ́ ara ẹ̀ fẹ̀ ó sì le, irùngbọ̀n mẹ́rin ló yọ létí ẹnu ẹ̀, kò léyín lẹ́nu, ọ̀fun ni eyín ẹ̀ wà. Ó máa ń fẹnu tú ilẹ̀ odò bí adìẹ ṣe ń tú ààtàn, omi á rú, koríko inú omi á fà tu, ẹja tó ń fojú wá oúnjẹ ò ní ríran mọ́. Abo kan tó bá tóbi dáadáa lè yé ẹyin tó lé ní mílíọ̀nù kan.

Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra wọn ló kó o wọlé láti Jámánì ní 1877, pé káwọn aráàlú lè rẹ́ja jẹ. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé àlejò tí àwọn gbà sílé ti fẹ́ gba yàrá mọ́ onílé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì kọ́gbọ́n, torí láàárín 1963 sí àwọn ọdún 1970 wọ́n tún lọ kó irú mìíràn wá láti Éṣíà, wọ́n ní kí wọ́n máa bá àwọn jẹ koríko àti ìdọ̀tí inú adágún ẹja, àwọn yẹn náà sì bọ́ sínú odò Mississippi títí wọ́n fi gòkè dé odò Illinois. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ara ẹ̀ funfun bíi fàdákà, tó bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, fífò ló máa ń fò jáde nínú omi, á sì gbá ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lójú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ ò fi ka iye tí ẹnì kan lè pa, kẹ́ni náà ṣáà ti gba láísẹ́ǹsì ìpẹja. Ẹ má gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì o, ìwọ̀ ni wọ́n fi ń mú káàpù lọ́hùn-ún, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á gbé e mọ́ àyà ya fọ́tò, wọ́n á sì dá a padà sínú omi bí ọmọ tuntun.

Ọrun tí wọ́n ń lò ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọrun ọdẹ, kò tiẹ̀ yẹ kó le jù, torí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja ò jìnnà, mítà márùn-ún, mítà mẹ́wàá, ó ti tó. Ọfà ni nǹkan yàtọ̀ sí. Ọfà ẹran máa ń ní ìyẹ́ nídìí tó ń mú un dúró tààrà nínú afẹ́fẹ́, àmọ́ tí ìyẹ́ yẹn bá dénú omi, ṣe ló máa fa ọfà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ọfà ẹja kì í nìyẹ́ rárá, ó kàn máa ń wúwo ni, fáíbà ni wọ́n sábà fi ń ṣe é kó má bàa tètè dá. Orí ẹ̀ ní ìkọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó máa ń yọ apá tó bá ti wọ ara ẹja, kẹ́ja má bàa bọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, wọ́n á yí orí ọfà díẹ̀, ìkọ́ yẹn á pa dà sẹ́yìn, ọfà á sì jáde.

Okùn wá ń bẹ, okùn híhun tó lágbára láti gbé nǹkan bíi kílò 90. Ó ká mọ́ ohun kan tí wọ́n ń pè ní ríìlì, tí wọ́n dè mọ́ iwájú ọrun, ẹnu rẹ̀ kejì sì wà lára ọfà. Ibí yìí ni kí ojú wà, torí ibẹ̀ ló ń pani lára. Wọn kì í so okùn mọ́ ìdí ọfà gan-an. Tí wọ́n bá so ó síbẹ̀ tí okùn wá lọ́ mọ́ ọ̀ṣán ọrun nígbà tí wọ́n ta á, ọfà á lọ débi tí okùn dé, á fà le, á sì sọ padà tààrà sójú ẹni tó ta á. Òrùka kékeré kan ló wà lára ọfà tí okùn so mọ́, tí ọfà bá wà lórí ọrun, òrùka náà á wà níwájú, okùn ò ní sún mọ́ ọ̀ṣán rárá, tí ọfà bá gbéra ni òrùka á yọ̀ lọ sí ìdí ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ta ọfà sókè tó yí odó borí, Ọba òkè ń wò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó so okùn mọ́ ìdí ọfà ò tiẹ̀ ní láti tá sókè kó tó padà wá bá a. Àwọn kan ń lo ríìlì oníbọ́tìnnì, ìyẹn sì ní tiẹ̀: wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì yẹn kí okùn lè tú kí wọ́n tó ta ọfà, ẹni tó bá gbàgbé, okùn já tàbí ọfà sọ padà, ọ̀kan nínú méjèèjì ni.

Ọfà kan fún ọrun kan. Àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, ní Brazil ní ìtàn kan nípa ẹ̀, pé ọfà ẹyọ kan péré ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó fi ta ẹyẹ burúkú kan lulẹ̀ ní Ifẹ̀. Ti ẹni tó ń fi ọfà pa ẹja kúkú dáa díẹ̀ ju tiẹ̀ lọ, tóun bá tàsé, okùn ni yóò fi fa ọfà ẹ̀ padà.

Ó wá ku irọ́ omi. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara ẹja bọ̀ máa ń tẹ̀ nígbà tó bá ń jáde kúrò nínú omi bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ojú ò sì mọ̀ pé ó tẹ̀, ó gbà pé tààrà ló ti wá. Nítorí náà ẹja máa ń dà bíi pé ó wà lókè ju ibi tó wà lọ. Kódà téèyàn bá dúró gangan lórí ẹ̀ tó ń wò ó nísàlẹ̀, ẹja tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 á dà bíi pé 3 péré ló jìn, àmọ́ ìyẹn ò ṣe nǹkan kan torí ọfà á ṣì bá a. Téèyàn bá ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ni wàhálà dé. Òfin kékeré kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tuntun: tí ẹja bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10 síni, tó sì wọ inú omi ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ínǹṣì 4 sísàlẹ̀ ẹja tójú ń rí ni kéèyàn ta á sí. Tí ọ̀nà bá di 20, ínǹṣì 8. Tí jíjìn bá di ẹsẹ̀ bàtà 2, ínǹṣì 8 náà ni. Kò sẹ́ni tó ń yọ rúlà létí odò ṣá, ohun tí wọ́n máa ń pariwo létí ara wọn ò ju "sísàlẹ̀! sísàlẹ̀ sí i!" lọ. Ẹni tó bá tàsé, nínú mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló gba òkè ẹja kọjá.

Awò dúdú kan wà tó ń gé ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lójú omi kúrò, ó wúlò lọ́sàn-án, àmọ́ ìríran ló ń tún ṣe, kò tẹ ìmọ́lẹ̀ padà, ínǹṣì 4 ṣì jẹ́ ínǹṣì 4. Lóru, wọ́n á to iná sẹ́nu ọkọ̀, ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ sá lóru. Ìgbà tó dáa jù ni ìgbà tí òtútù wọn bá ń lọ tí omi ń móoru, torí ìgbà yẹn ni káàpù máa ń wá sí etí omi, níbi tí koríko wà tí omi ò jìn, láti yé ẹyin, wọ́n á máa jà pàtìpàtì débi tí ẹ̀yìn wọn á yọ síta. Tí ọfà bá wọlé, okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ, ẹni tó dì í mú ò sì tíì mọ̀ ẹja ni àbí àkàn, torí kùkùté inú omi náà máa ń fa okùn le báyẹn.

Ṣé a lè ṣe irú ẹ̀ ní dáàmù Ọ̀pà tó wà nínú ọgbà OAU, tàbí nínú àwọn odò tó yí Iléṣà ká? Ká sòótọ́, ó ṣòro. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ ló máa ń kún inú omi, ẹni tí ò rí ẹja kò lè ta á. Àrọ̀ nífẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀, inú ẹrẹ̀ ló ń gbé lọ́sàn-án. Ẹpìyà nìkan ló ń wá sétí omi láti ṣọ́ ìtẹ́ ẹ̀ níbi tójú lè tó o, ṣùgbọ́n ẹpìyà ò tóbi tó ọfà, ẹran ibi tó lu nìkan á ti tó ìdajì ẹja. Ohun tó tún burú ni pé tí ọfà bá fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀ lójú omi, ó lè ta gọ́ọ́ lọ síbòmíì, bẹ́ẹ̀ èèyàn ń fọṣọ létí odò tiwa, ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọ̀n, ìgèrè àti ìwọ̀ dáa bẹ́ẹ̀ jàre.

Ẹja tí ọfà lù ò ṣeé dá padà, ó ti kú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pa á níbẹ̀ kì í jẹ ẹ́, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ fún ajílẹ̀ oko, tàbí kí wọ́n kàn jù ú nù, èyí tó dun èèyàn tó bá mọ iye tí ẹja tútù ń jẹ́ ní Sábó. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó ń rùn bí ẹrẹ̀, egungun ẹ̀ sì pọ̀ jù. Orúkọ ẹ̀ gan-an ti bàjẹ́ débi pé ìpínlẹ̀ Illinois fún irú ti Éṣíà yẹn lórúkọ tuntun ní 2022, Copi, pé bóyá àwọn èèyàn á rà á. Ẹ̀sùn méjèèjì yẹn kì í ṣe irọ́, ọ̀bẹ ló sì ń yanjú méjèèjì.

Òórùn ẹrẹ̀ yẹn, ohun kan tó ń jẹ́ geosmin ló fà á, àwọn kòkòrò tójú ò lè rí nínú omi àti ilẹ̀ ló ń ṣe é, òun náà ló ń rùn nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Inú ọ̀rá ẹja ló máa ń sá pamọ́ sí. Ní Poland àti Czech, níbi tí káàpù ti jẹ́ ẹja ọdún Kérésì, láàyè ni wọ́n ń rà á, wọ́n á sọ ọ́ sínú omi tó mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kódà àwọn mìíràn ń sọ ọ́ sínú báàfù ilé, ọmọ ilé á ti fún un lórúkọ kó tó dọjọ́ tí wọ́n máa pa á. Omi mímọ́ yẹn á fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ẹ̀. Ẹja tí ọfà pa ò lè rí àyè yẹn, ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ fi gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ omi: lójú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n la inú ẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dà, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí yìnyín. Òróòro ẹ̀ ò gbọdọ̀ fọ́, kì í ṣe torí kíkorò nìkan, ní Éṣíà àwọn tó gbé òróòro káàpù mì bí oògùn ti bá a dé ọsibítù, kíndìnrín ló máa ń bà jẹ́. Tí wọ́n bá ti gé ẹran ẹ̀gbẹ́ kan kúrò lára egungun ẹ̀yìn, wọ́n á rí ìlà kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó gba àárín lọ gbọọrọ. Kí wọ́n gé e dànù, ibẹ̀ ni òórùn pọ̀ sí jù. Kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé ìyókù, omi kíkan ń pa geosmin.

Egungun wá kù. Àrọ̀ ti bà wá jẹ́, ẹran lásán ló pọ̀ lára ẹ̀, ẹpìyà náà ò ní wàhálà. Ẹni tó bá ti jẹ ṣàwá dáadáa ló máa yé. Yàtọ̀ sí egungun ẹ̀yìn àti ìhà, káàpù ní egungun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó dá dúró sínú ẹran, kò so mọ́ nǹkan kan, orí ẹ̀ pín sí méjì bí igi tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Téèyàn bá fà á, ẹran ló ń bá a jáde, ẹni tó bá sì fẹ́ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú bá a. Nítorí náà wọn kì í yọ ọ́. Wọ́n á tẹ́ ẹran náà, awọ nísàlẹ̀, wọ́n á wá mú ọ̀bẹ tó mú bí abẹ, wọ́n á máa gé e láti òkè títí dé awọ, tí awọ ò sì ní gé, gígé kan kò gbọdọ̀ jìnnà sí èkejì ju mílímítà 3 sí 5 lọ. Ọwọ́ á máa gbọ́ ọ, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, egungun ló ń dá yẹn. Tí ọwọ́ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ọ̀bẹ ò tíì dé ibi tó yẹ.

Iyọ̀, ata gbígbẹ, ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ tó wọ inú gbogbo ojú ọ̀bẹ yẹn. Òróró gbọ́dọ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àlùbọ́sà á fi hó ṣáà lójú ẹsẹ̀ tó bá kàn án. Tí ẹja bá wọlé, awọ á ká sẹ́yìn, ẹran á là bí eyín òòyà, òróró á wá ráyè dé ibi tí egungun gígé yẹn wà, á yan án. Ẹ má tètè yí i, ìyẹ̀fun á bọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ariwo á pọ̀, omi ara ẹja ló ń jáde, ìgbà tí ariwo bá lọ sílẹ̀ tó kàn ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni kí wọ́n kó o. Tó bá dénú ẹnu, egungun yẹn á kàn máa rún wómúwómú bí awọ adìẹ díndín. Ẹni tó bá wà ní Lágere tó fẹ́ dán ọwọ́ ẹ̀ wò, kó ra ṣàwá ńlá, kó gé e báyẹn, kó din ín, kó sì fi jẹ ẹ̀kọ gbígbóná.